Páàdì tí a ń fọ̀: oòrùn ni ká sá a sí, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ṣùgbọ́n mo bẹ ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣe torí bẹ́ẹ̀ ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ẹ̀yin lẹ ní ọmọbìnrin, ẹ̀yin lẹ ń fún ìyàwó lówó ọjà, ẹ̀yin lẹ sì ni agbo ilé tí a ń so okùn aṣọ sí.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ nìyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 14, wá sílé mi lálẹ́. Ó ní, "Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí. Kò lè jókòó dáadáa, kò sì fẹ́ sọ ohun tó ń ṣe é." Mo ní kí ìyá náà lọ dúró sí ìta fún mi díẹ̀. Bó ṣe jáde báyìí ni ọmọ bú sẹ́kún. Itan rẹ̀ méjèèjì ti bó, ojú ara rẹ̀ ń yún un, bó bá sì tọ̀, ṣe ló ń ta á bí ata.

Páàdì aṣọ mẹ́ta péré ni ọmọ náà ní. Òru ló ń fọ̀ wọ́n, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sì ń tẹ́ wọn sí, kí àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin má baà rí i. Nígbà tí òjò ò dá, páàdì ò gbẹ. Tútù ló ń wọ̀ ọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó gbà wá béèrè ìbéèrè méjì péré lọ́wọ́ ìyá: "Mọ́mì, ibo lẹ ń sá páàdì ọmọ yìí sí? Ó sì ti tó ìgbà wo tí ẹ ti rà á?" Ìyá rẹ̀ wo ojú mi, èmi náà wo ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ èsì nínú àwa méjèèjì. Wọ́n fún ọmọ lóògùn, ara rẹ̀ sì ti yá, ṣùgbọ́n odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi lọ sílé ẹ̀kọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè méjèèjì yẹn ti ń dún létí mi. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Ìwé mẹ́wàá nìkan ni mo kà, mi ò kì í ṣe nọ́ọ̀sì, mi ò sì kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo ti ń béèrè, mo ti ń kà, mo sì ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Akísà ni àwa náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú

Ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Sabon Gari yìí ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí èmi rí nǹkan oṣù mi àkọ́kọ́, ìró àtijọ́ ni ìyá mi fà ya, tó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, tó kọ́ mi bí n ó ṣe dè é. Nígbà tó yá ni páàdì inú ọ̀rá wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe láàárín 400 ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama nílùú Kánò níbí, tí wọ́n gbé jáde ní 2010. Ohun tí wọ́n rí ni pé páàdì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lò, akísà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé yí. Láti 2023 tí owó epo ti fò sókè, tí náírà sì ti wálẹ̀, ẹ mọ iye tí páàdì inú ọ̀rá kan ti di. Ilé tó bá ní ìyá kan àti ọmọbìnrin mẹ́ta, ẹ ro ọ̀rá tí wọn yóò rà lóṣù. Lóòótọ́, òfin ìnáwó ọdún 2019, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2020, yọ owó orí VAT kúrò lórí páàdì tí wọ́n bá ṣe ní Nàìjíríà. Àmọ́ ohun tí VAT gbé kúrò, ọ̀wọ́n gógó ọjà ti dá a padà ní ìlọ́po ìlọ́po. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá fi ń padà sí aṣọ. Èyí tó dé báyìí kì í ṣe akísà lásán, wọ́n fi ẹ̀rọ rán an, ó ní bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ mọ́ pátá, ó ní ìpele rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yọ síta. Wọ́n ń pè é ní páàdì tí a ń fọ̀. Ohun tó dára ni. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ohun èlò tí kì í gbó, kò sì sí èyí tí kò ní òfin tirẹ̀.

Ta ló ń ṣọ́ ọjà yìí?

Lórílẹ̀-èdè wa, NAFDAC ni òfin gbé ọ̀rọ̀ oògùn, oúnjẹ, ìpara àti àwọn ohun èlò ìtọ́jú ara lé lọ́wọ́. SON ló ń gbé ìlànà bí ọjà ṣe gbọ́dọ̀ rí kalẹ̀, àmì MANCAP ni wọ́n sì ń fún ọjà tí wọ́n ṣe nílé tó bá yege. Bí ẹ bá ra páàdì inú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yẹ ẹ̀yìn ọ̀rá wò, ẹ wo nọ́ńbà, ẹ wo orúkọ ẹni tó ṣe é, ẹ wo ọjọ́.

Ní Uganda, níbi tí iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ AFRIPads ti ń rán páàdì aṣọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ìjọba ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún páàdì tí a ń fọ̀ nìkan. US 1782 ni wọ́n ń pè é. Ní 2021, Íńdíà náà gbé tirẹ̀ jáde, IS 17514. ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ọjà fún gbogbo àgbáyé, ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ohun èlò nǹkan oṣù, orílẹ̀-èdè Sweden ló sì ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ohun tí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wà fún kò ṣòro láti yé wa: kí páàdì fa omi dáadáa, kó má jò, kí aró rẹ̀ má ṣí sí ara, kí ó ṣì wúlò lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹni tó ṣe é sì kọ bí a ṣe ń lò ó sára rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo èyí tí wọ́n gbé wá tà fún wa nípàdé ẹgbẹ́. Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Kò sí orúkọ ẹni tó rán an, kò sí ọjọ́ tí wọ́n rán an, kò sí ìwé tó sọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. Àwa tí a rà á ni ẹjọ́ wà lọ́rùn wa, torí pé owó la béèrè, a ò béèrè nǹkan mìíràn. Níwọ̀n ìgbà tí ọjà bá ti dé ọwọ́ wa láìní àmì kankan, àwa fúnra wa la gbọ́dọ̀ di NAFDAC tirẹ̀.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ká tó sanwó

Kantin Kwari wà nítòsí wa, kò sí irú aṣọ tí wọn kì í tà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aṣọ ló yẹ kó kan ojú ara. Ìpele tó máa kan ara gbọ́dọ̀ jẹ́ òwú tó rọ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ dídán bíi ọ̀rá, yóò mú ooru, yóò sì mú kí ara bó. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ fọwọ́ pa á, kí ẹ lè mọ̀ bóyá tìmùtìmù ni wọ́n kì sínú. Tìmùtìmù kì í tètè gbẹ láàárín. Ẹ na ojú rírán rẹ̀ wò bóyá okùn ń tú. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ wò ó bóyá ó ń ṣí fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi nínú abọ́ funfun. Bí aró bá ń ṣí, ẹ da omi nù, ẹ tún un rẹ. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí omi ṣì ń pọ́n, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Páàdì mẹ́ta kò tó ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Mẹ́fà ló yẹ kó ní, ó kéré tán, kí ó lè wà lára, kí ó wà lórí okùn, kí ó sì wà nínú àpò. Àìtó ló ń mú kí ọmọ wọ èyí tó tutù.

Fífọ̀ rẹ̀ nínú agbo ilé wa

Mo mọ̀ pé omi ṣọ̀wọ́n. Garúwà la ń dúró dè, kẹ́ẹ̀gì la fi ń ra omi. Ṣùgbọ́n omi fífọ páàdì kì í pọ̀. Omi tútù ni ká kọ́kọ́ fi ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò, torí omi gbígbóná máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ká fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ká sì fi omi mímọ́ ṣàn án títí ìfófòó yóò fi tán pátápátá. Ọṣẹ tó bá kù nínú rẹ̀ ni yóò máa jẹ ara. Ẹ má fi Izal sí i, ẹ má fi oògùn tí ń sọ aṣọ di funfun sí i. Wọn yóò ba ìpele rọ́bà jẹ́, wọn yóò sì jó ojú ara. Kí abọ́ rẹ̀ dá wà, kó má jẹ́ èyí tí a fi ń fọ ìrẹsì. Páàdì kì í ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń yá ara wọn lò, kálukú ló ni tirẹ̀.

Wàyí o, oòrùn. Ní 2018, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin 558 ní ìpínlẹ̀ Odisha ní Íńdíà. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń lo aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ ní àrùn ojú ara tí wọ́n ń pè ní Candida, èyí tó máa ń yún ni, ju àwọn tó ń lo páàdì ìjùnù lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: àwọn tó ń sá aṣọ náà sínú ilé, àti àwọn tó ń fi í pamọ́ sí ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́, ni ewu náà pọ̀ sí lára. Nígbà tí mo ka èyí, ọmọ tiwa ni mo rí. Íńdíà jìnnà, ṣùgbọ́n abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Noman's Land, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mo mọ ohun tó ń mú wa fi í pamọ́. Àkọ́kọ́ ni ìtìjú. Èkejì ni ẹ̀rù pé àwọn ẹni ibi lè mú un lọ ṣe oògùn. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Èsì mi ni pé kí á fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ lóló, ká sá a sí oòrùn, ká ju gèlè tàbí ìró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí, kí ọmọ sì jókòó sí tòsí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ìró náà yóò dí ojú àwọn èèyàn, yóò sì dí eruku ọyẹ́, oòrùn yóò ṣì gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà òjò, ẹ so ó sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ òrùlé. Èyí tí kò bá ní rọ́bà nínú, ẹ lè lọ̀ ọ́ títí yóò fi gbẹ. Èyí tó ní rọ́bà, ẹ má lọ̀ ọ́ o, rọ́bà náà yóò yọ́. Bó bá ti gbẹ kanrin, inú àpò aṣọ tó mọ́ ni kó wà. Ẹ má fi í sínú ọ̀rá.

Bí ó bá sì wà lára, wákàtí 4 sí 6 ni ká fi pààrọ̀ rẹ̀, tàbí ká tètè pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti kún.

Ìgbà wo ló gbó?

Ìbéèrè kejì nọ́ọ̀sì nìyí, òun ló sì wúwo jù lójú mi. Ní 2019, àjọ UNICEF gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde lórí àwọn ohun èlò nǹkan oṣù. Páàdì tí a ń fọ̀ tó dára máa ń lò tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ìyá ń jogún fún ọmọ. Ọ̀nà tí èmi rí sí i ni pé kí ẹ fi bírò tí kì í ṣí kọ oṣù àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Bó bá ti pé ọdún kan, ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta, ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àmì tó ń sọ pé ó ti gbó nìyí, bí ọdún tilẹ̀ ò tíì pé. Bó bá ń rùn lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́ tó sì ti gbẹ. Bí aṣọ rẹ̀ bá ti le gbagidi tó ń ha ara. Bí ìpele rọ́bà bá ti sán tàbí tó ń ṣí. Bí ó bá ń jò níbi tí kì í ti í jò tẹ́lẹ̀. Bí bọ́tìnnì bá ti dípẹtà. Bí ẹ bá rí àmì dúdú wínníwínní lára rẹ̀, èébu ni, ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ jù ú nù. Bí ọmọ bá sì ti ní àrùn ojú ara, ẹ fi páàdì tó ń lò nígbà náà han àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sọ bóyá kó pààrọ̀ rẹ̀. Tiwa, nọ́ọ̀sì ní ká ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù.

Jíjù ú nù náà ní ọ̀nà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wé e, ẹ jù ú sínú ike ìdọ̀tí tó ní ìdérí. Ẹ má jù ú sí ṣáláńgá, ẹ má sì jù ú sí gọ́tà. Ẹ mọ ohun tí gọ́tà wa ń ṣe fún wa nígbà òjò.

Kọ́ọ̀bù àti pátá nǹkan oṣù

Àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ti ń lo ohun kan bíi kọ́ọ̀bù kékeré, tí wọ́n ń kì bọ ojú ara kí ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú rẹ̀. Kì í ṣe ohun àná. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Leona Chalmers, ti gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1937. Èyí tó dára lónìí, sílíkónì tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn ni wọ́n fi ń ṣe é, ìjọba Amẹ́ríkà sì kà á mọ́ irinṣẹ́ ìtọ́jú ara tí òfin ń ṣọ́. Ó lè lò tó ọdún 5 sí 10, bí a bá tọ́jú rẹ̀. A gbọ́dọ̀ sè é nínú omi tó ń hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 kí nǹkan oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ́ ká tó kàn án, kò sì yẹ kó ju wákàtí 12 lọ lára. Bó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó ya, tó sán, tàbí tó ń hu ohun funfun bí ìyẹ̀fun lára, ó ti gbó nìyẹn.

Ní 2019, ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó ń jẹ́ The Lancet Public Health kó ìwádìí 43 lórí kọ́ọ̀bù yìí jọ. Wọ́n rí i pé kò léwu fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í sì í jò ju páàdì lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n rí èèyàn 5 tó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní toxic shock syndrome. Àìsàn yìí ló mú kí wọ́n kó Rely, irú òwú kan tí wọ́n ń kì bọ ojú ara, kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án 1980. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pani. Bí ara ọmọ tó ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá gbóná lójijì, tó ń bì, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ara rẹ̀ sì sú pupa, kí ó yọ ohun náà kíákíá, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ohun ìfètòsọ́mọbíbí sínú ilé ọmọ, kó bi dókítà léèrè kó tó lo kọ́ọ̀bù. Ẹni tí omi mímọ́ bá sì wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi kọ́ọ̀bù sílẹ̀ ná.

Pátá tó ń fa ẹ̀jẹ̀ náà wà, ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń kà sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní lórí ìyẹn: ẹ má rà á nínú bọ́síkọ́nà. Ẹ ò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́, ẹ ò sì mọ ọdún tó ti lò.

Ohun tí a pinnu

Nípàdé wa tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, àwọn ìyá fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ ta páàdì fún wa, yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti oṣù tó rán an sára rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó gbé ọjà rẹ̀ lọ. Ìyá kọ̀ọ̀kan yóò béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ibi tó ń sá tirẹ̀ sí. Ẹ̀kẹta, a bẹ àwọn bàbá onílé kí wọ́n jẹ́ ká so okùn kan sẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn ń dé, fún aṣọ obìnrin nìkan. Bàbá onílé kan kọ́kọ́ ń kùn pé irú ọ̀rọ̀ wo nìyí. Ìyàwó rẹ̀ wí fún un pé, "Bàbá wọn, owó ilé ìwòsàn ni kí ẹ rò, ẹ má ro okùn." Ní ọjọ́ kejì ló kan ìṣó mọ́ ògiri fúnra rẹ̀.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ní páàdì mẹ́fà báyìí, oṣù àti ọdún sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Mo kọjá lágbàlá wọn ní àárọ̀ Sátidé kan, mo rí ìró ìyá rẹ̀ lórí okùn ẹ̀yìn ilé, mo sì mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kò tilẹ̀ wo ọ̀hún. Gbogbo ìtìjú tó fẹ́ pa ọmọ náà, bó ṣe mọ nìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ka ìwé ìròyìn yìí tán, ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Olúwa yóò máa bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Ó tún di ọjọ́ mìíràn.